Páìnì Inú Ìkòkò ní Ìjẹ̀bú-Òde

Bọ́nsáì ni igi gidi tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń gé lẹ́ka, tí wọ́n ń gé ní gbòǹgbò, títí yóò fi gbó láìga. Ilẹ̀ Ṣáínà ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀, kí àwọn ará Japan tó gbà á, tí wọ́n sì fi igi páìnì ṣe ààyò. Ọ̀kan nínú páìnì wọn, tí wọ́n ti ń tọ́ láti 1625, wà nínú ọgbà ìdílé Yamaki nígbà tí bọ́ǹbù balẹ̀ sí Hiroshima lọ́dún 1945, kò sì kú. Washington ló wà báyìí.

Irú páìnì bẹ́ẹ̀ kò lè gbádùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó ní oṣù tí òtútù gbọ́dọ̀ mú un kó lè sinmi; bí kò bá sinmi, agbára rẹ̀ yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Èyí tí àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde ń pè ní páìnì, tó máa ń súfèé nínú ọgbà ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì bí atẹ́gùn bá fẹ́, kì í ṣe páìnì rárá. Casuarina ni. Ohun tó rí bí abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀ka tín-ín-rín ni. Ewé rẹ̀ gan-an kéré púpọ̀, oríkèé àwọn ẹ̀ka náà ló lẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, òun ló yẹ ẹni tó bá fẹ́ ṣe bọ́nsáì níbí. Ó fẹ́ràn oòrùn, bí wọ́n bá sì gé e dé ara igi tó ti gbó, ó máa ń rú padà. Páìnì gidi kì í sábà rú bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Taiwan ti sọ casuarina di bọ́nsáì tó rẹwà gan-an.

Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ni wọ́n ń pààrọ̀ ilẹ̀ inú ìkòkò. Wọn a gé díẹ̀ nínú gbòǹgbò, wọn a sì fi yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀dú díẹ̀ gbin igi náà padà. Ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò, nítorí omi tó bá dá rogún a máa mú gbòǹgbò rà. Kókó kéékèèké tó wà lára gbòǹgbò kì í ṣe àrùn: àwọn kòkòrò àìfojúrí inú wọn ló ń fa oúnjẹ fún igi láti inú afẹ́fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fọ̀ wọ́n dànù.

Oṣù kẹfà àti ìkeje ni igi ń yára dàgbà jù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Òkè ni igi ń darí agbára rẹ̀ sí, nítorí náà, orí ni wọ́n ń gé jù, kí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ má bàa gbẹ. Wáyà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀ka síbi tí wọ́n fẹ́. Ó yẹ kí onígi máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ẹ̀ka ń sanra nígbà òjò, wáyà a sì gé èèpo wọlé. Bó bá ti rì, ńṣe ni kó gé wáyà náà wẹ́wẹ́. Kó má ṣe tú u.

Nígbà tí òjò bá dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé láti bomi rin igi, wọ́n á ní ìgbà òjò ṣì ni. Ọyẹ́ le ju ìyẹn lọ: àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni omi, kí wọ́n gbé ìkòkò kúrò lórí sìmẹ́ńtì tó ń gbóná, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan gbòǹgbò títí òjò yóò fi tún dé.