Ọ̀ta àti Ọ̀pẹ Lórí Ọ̀nà Oníke: Àyẹ̀wò Èrò Àwọn Ọ̀tayò nípa Apá Kejì Hot Wheels Unleashed

1.0 Ìfáàrà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ Milestone, tí ó fi ìlú Milan ní orílẹ̀-èdè Ítálì ṣe ibùjókòó, gbé Hot Wheels Unleashed 2: Turbocharged jáde. Eré fídíò ni, nínú èyí tí ọkọ̀ ìṣeré kéékèèké ti ń bá ara wọn díje nínú ilé, nínú ọgbà àti láàárín àwọn ohun èlò tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́. Apá kìíní ti jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ó sì ti ní àwọn olólùfẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí apá kejì dé, èrò àwọn tí ó ta á kò ṣọ̀kan. Ohun tí ẹnì kan yìn gan-an ni ẹlòmíràn bẹnu àtẹ́ lù.

Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́-inú lásán ni, pé ohun tí ó wu ojú kan kò wu òmíràn. Bébà yìí kò gba èyí. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé gbòǹgbò kan ṣoṣo ni àríyànjiyàn náà ní: kí ni ó yẹ kí ó fún ènìyàn ní ìṣẹ́gun? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni, àbí oríire rẹ̀, àbí iye àkókò tí ó ti lò nídìí eré?

‘Ọ̀tayò’ ni bébà yìí yóò máa pe ẹni tí ó ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni yóò yá ‘ọ̀ta’ àti ‘ọ̀pẹ’ lò láti inú ayò ọlọ́pọ́n. Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò ta; ọ̀pẹ ni ẹni tí wọ́n máa ń pa nídìí ọpọ́n.

2.0 Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá

Ilé-iṣẹ́ Mattel ní Amẹ́ríkà ni ó gbé ọkọ̀ ìṣeré Hot Wheels jáde ní ọdún 1968. Ọkọ̀ náà kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú 64 ọkọ̀ gidi. Ọ̀nà oníke aláwọ̀ ọsàn ni ó máa ń sá lórí rẹ̀. Ọmọdé yóò so ọ̀nà náà pọ̀ láti orí àga dé ilẹ̀, yóò jọ̀wọ́ ọkọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà yóò sì ṣe ìyókù. Ọkọ̀ yìí kò ní awakọ̀. Eré fídíò ni ó fún un ní awakọ̀, ìyẹn sì ni ó mú ìbéèrè nípa ọwọ́ ẹni wọlé.

Apá kejì irú eré yìí tí àwọn ọ̀tayò àgbà ṣì máa ń rántí ni Micro Machines 2: Turbo Tournament, tí ilé-iṣẹ́ Codemasters ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1994 fún ẹ̀rọ Mega Drive. Wọ́n fi ojú ihò méjì kún ara páálí eré náà fúnra rẹ̀, kí ènìyàn mẹ́rin lè so ọwọ́ ìdarí wọn mọ́ ọn. Bí ẹni méjì bá sì pín ọwọ́ ìdarí kan lò, ènìyàn mẹ́jọ lè jọ díje. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wò. Ẹni tí ó bá sá títí tí ojú ẹ̀rọ kò fi lè gba òun àti ẹni ẹ̀yìn mọ́ ni ó gba máàkì. Gbogbo ẹni tí ó wà nínú iyàrá ni ó rí ìdí tí ẹnì kan fi borí. Òṣùwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀tayò àgbà gbé wá sídìí eré òde-òní.

3.0 Àwọn àyípadà àti ohun tí wọ́n dá sílẹ̀

3.1 Àpótí adìtú

Nínú apá kìíní, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí ọ̀tayò fi ń ní ọkọ̀ ni kí ó ra àpótí tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Owó inú eré ni ó fi ń rà á, kì í ṣe owó àpò. Síbẹ̀ àròyé pọ̀. Ọ̀tayò lè borí nínú ìdíje púpọ̀, kí ó ṣí àpótí, kí ó sì bá ọkọ̀ tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Lóòótọ́, ó lè tà á tàbí kí ó tú u palẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kò tu ẹni tí ó ń wá ọkọ̀ kan pàtó nínú. Àkókò tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí tún mú un gbóná sí i. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù ti kéde pé irú àpótí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń fi owó gidi rà nínú àwọn eré fídíò kan, lòdì sí òfin tẹ́tẹ́ orílẹ̀-èdè náà. Nítorí náà, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú ìfura wo àpótí tí kò gba owó gidi pàápàá.

Apá kejì mú àpótí náà kúrò. Ọ̀tayò ń rí ọkọ̀ kí ó tó rà á. Nínú gbogbo àyípadà tí ó wáyé, èyí ni ọ̀tá rẹ̀ kéré jù lọ. Ọ̀ta àti ọ̀pẹ ni oríire máa ń rẹ́ jẹ bákan náà.

3.2 Fífò àti gbígbún

Nínú apá kìíní, bí ọ̀tayò bá fi ẹ̀yìn ọkọ̀ yọ̀ ní kọ́nà, ó ń kó agbára àfikún jọ, agbára náà ni yóò sì ná láti sáré sí i. Apá kejì fi ohun méjì kún un: ọkọ̀ lè fò sókè, ó sì lè sún sí ẹ̀gbẹ́ lójijì kí ó gbún ọkọ̀ mìíràn. Inú agbára kan náà ni wọ́n ti ń ná àwọn méjèèjì.

Àwọn tí ó yìn ín sọ pé ó fún ọ̀tayò ní ìpinnu láti ṣe. Ẹni tí ó bá ná agbára rẹ̀ lórí fífò kò ní ní tó láti fi sáré. Wọ́n tún ní ẹni tí ó bá ṣi ọ̀nà lè fi fífò gba ara rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní ìdáhùn tí kò ṣeé fojú fò. Wọ́n ní ẹni tí ó mọ kọ́nà gbà ni ó yẹ kí ó borí, kì í ṣe ẹni tí ó fò ré kọjá kọ́nà náà. Wọ́n sì ní gbígbún ń jẹ́ kí ọ̀pẹ ba ohun tí ọ̀ta ti fi sùúrù kọ́ jẹ́. Ìhà méjèèjì ló ń gbèjà ọwọ́ ọ̀tayò. Ohun tí wọn kò fẹnu kò lé lórí ni iṣẹ́ tí ọwọ́ náà yẹ kí ó ṣe.

3.3 Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ọ̀nà

Ìdíje apá kejì máa ń jáde kúrò lórí ọ̀nà oníke sórí koríko àti iyẹ̀pẹ̀, nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, ní pápá gọ́ọ̀fù kékeré, ní ilé epo àti ní mùsíọ́ọ̀mù. Alùpùpù àti ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin aláìlórùlé wà lára ọkọ̀ tí ó lé ní 130. Àwọn kan ní ìgbà yìí gan-an ni ọkọ̀ ìṣeré ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ ọkọ̀ ìṣeré, nítorí pé ọmọdé kì í fi mọ sórí ike nìkan. A máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí àti nínú erùpẹ̀. Àwọn mìíràn ráhùn pé níbi tí kò sí ọ̀nà oníke, ènìyàn kì í tètè mọ ibi tí ó yẹ kí ó kọjú sí, ó sì lè pàdánù nítorí pé kò rí ọ̀nà, kì í ṣe nítorí pé kò mọ ọkọ̀ wà.

3.4 Àtúnṣe ara ọkọ̀

Ọ̀tayò ń gba máàkì nídìí ìdíje, ó sì lè fi tún ìṣe ọkọ̀ kan ṣe. Ẹni tí ó ń dá ta eré gbádùn èyí, nítorí pé ọkọ̀ tí ó fẹ́ràn ń dàgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn 12 lè jọ díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, ẹni tuntun tí ó pàdánù kò lè dá a mọ̀ bóyá ọwọ́ ni alátakò rẹ̀ fi jù ú lọ tàbí ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe.

4.0 Ta ni ó ń sọ̀rọ̀?

Ó hàn nínú òkè yìí pé kíka iye ẹni tí ó yìn àti iye ẹni tí ó bú kò lè tó láti mọ ìtumọ̀ èrò wọn. Ó yẹ kí olùwádìí kọ́kọ́ mọ ibi tí olúkúlùkù jókòó sí. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí kọ́ apá kìíní dà bí ẹni tí ó yáni lówó: ó ń retí kí apá kejì bọlá fún ohun tí ó ti kọ́. Ẹni tí apá kejì jẹ́ àkọ́kọ́ fún kò jẹni ní gbèsè, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ ẹ́. Ti òbí tí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ tún yàtọ̀. Ẹni méjì péré ni ó lè pín ojú ẹ̀rọ kan lò nínú eré yìí. Nítorí náà fífò tí ó ń gba ọ̀pẹ là, tí ó ń bí ọ̀ta nínú, ni ó lè mú kí ọmọ má sunkún kúrò nídìí eré.

Síbẹ̀, wọ́n jọ gba ohun kan. Àwọn Yorùbá ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ọ̀tayò lè fara da ìpàdánù tí ó mọ orísun rẹ̀. Èyí tí kò mọ orísun rẹ̀ ni ó máa ń bí i nínú.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti yẹ èrò àwọn ọ̀tayò wò lórí àyípadà mẹ́rin. Ibi tí oríire ti dínkù ni ìjà ti dínkù. Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti yí padà ni wọ́n ti pín sí méjì. Ibi tí àkókò tí ẹnì kan ti lò ti lè dà bí ọgbọ́n ọwọ́ ni ìfura ti wọlé. Ìṣòro ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe apá kejì eré tí ọmọdé àti àgbà jọ ń ta kò sí nínú iye ọkọ̀ tí yóò kó sínú rẹ̀. Ó wà nínú bí yóò ṣe fún ọ̀pẹ ní ààyè láti gbádùn eré, láìjẹ́ kí ọ̀ta ṣiyèméjì pé òun ni òun borí.