Tábúlẹ́ẹ̀tì Olójú Ńlá: Kí Ni Ó Lè Ṣe fún Àwọn Ọmọ Wa?

 

Ìbéèrè kan ti ń wá sọ́dọ̀ wa lemọ́lemọ́. Àwọn kan nínú yín ń béèrè bóyá ó dára kí wọ́n ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ òrukàn tó ń múra ìdánwò. Àwọn mìíràn tí ọmọ wọn wà ní òkè òkun sọ pé ọmọ àwọn fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ mọ èyí tó yẹ. Kí a má baà sọ ohun tí a kò mọ̀, a yá iPad Pro kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 12.9 lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, a sì lò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí a rí lára rẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, kí olúkúlùkù lè fi làákàyè ná owó rẹ̀.

KÍ NI A Ń PÈ NÍ TÁBÚLẸ́Ẹ̀TÌ?

Kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n kò ní pátákó bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kíbọ́ọ̀dù. Ojú gíláàsì rẹ̀ náà ni à ń fi ìka tẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ kéwú lórí wàláà kò ní pẹ́ lóye rẹ̀, nítorí ohun pẹlẹbẹ tí à ń gbé sórí ẹsẹ̀ kàwé ni àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2010 ni Steve Jobs, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Apple nígbà náà, fi iPad àkọ́kọ́ han aráyé ní Amẹ́ríkà. Íǹṣì 9.7 ni ojú rẹ̀. Láti igun kan sí igun kejì tó dojú kọ ọ́ ni wọ́n ń wọn íǹṣì yìí, kì í ṣe ìbú rẹ̀. Ní ọdún 2010 yẹn náà ni Saheed Adepoju, ọmọ Nàìjíríà, àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, Encipher, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tiwọn tó ń jẹ́ Inye jáde, olójú íǹṣì 8. Láti ìgbà náà ni ojú tábúlẹ́ẹ̀tì ti ń fẹ̀ sí i. Oṣù kọkànlá ọdún 2015 ni olójú íǹṣì 12.9 ti Apple dé ọjà. Ní ọdún 2022, Samsung gbé èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 14.6 jáde.

OHUN TÍ A KỌ́KỌ́ RÍ

Èkíní ni títóbi ojú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ń kọ lẹ́tà ìjọba. Nígbà tí a ṣí Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé sórí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Mẹ̀dínà tó ní ojú ewé 604, odidi ojú ewé kan pẹ̀lú ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo fátíà àti kẹsira rẹ̀ hàn kedere. Àwọn àgbàlagbà méjì tó wà níbẹ̀ kà á láì wá awò ojú wọn. Lórí fóònù, níṣe ni à bá máa fà á sókè fà á sílẹ̀ kí a tó ka ìlà kan tán.

Èkejì ni pé àwọn ọmọ lè pé jọ yí i ká. A gbé e ti ògiri lórí tábìlì, ọmọ mẹ́rin jókòó síwájú rẹ̀, gbogbo wọn sì rí ìbéèrè ìṣirò tó wà lójú rẹ̀. Ọ̀kan ń kà, ọ̀kan ń ṣe é sínú ìwé, àwọn méjì yòókù ń bá wọn jiyàn ìdáhùn. Lójú tiwa, èyí ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí a rí.

Ẹ̀kẹta ni pé ó wúwo. Gíráàmù 713 ni irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2015. Ó ju omi inú ọ̀rá kan lọ, kò sì tó méjì. Bí a bá kọ́kọ́ gbé e, a ó rò pé ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọrùn ọwọ́ yóò máa sọ̀rọ̀. Ti oṣù karùn-ún ọdún 2024, olójú íǹṣì 13, ti fúyẹ́ dé gíráàmù 579, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá ohun tí a ó máa dábàá fún ẹnikẹ́ni. Èyíkéyìí tí ìbáà jẹ́, ohun orí tábìlì ni, kì í ṣe ohun tí ọmọdé yóò dì mọ́ àyà lọ sí oko.

Ẹ̀kẹrin ni oòrùn. Nígbà tí a gbé e síta lọ́sàn-án, ojú ara wa ni a ń rí nínú rẹ̀ bí ẹni wo dígí. Inú ilé tàbí abẹ́ òrùlé ni ó ti wúlò.

Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ iná, ibẹ̀ ni kí ẹ sì fara balẹ̀ sí. Ojú ńlá ń fẹ́ bátìrì ńlá. Bátìrì ti ọdún 2015 yẹn gba wáàtì-wákàtí 38.8, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti fóònù ńlá òde òní. Bí ó bá kún, ó lè lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi sólà kékeré oníwáàtì 10 gba iná sí i, wákàtí mẹ́rin oòrùn gbígbóná ni ó kéré jù, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ kùrukùru orí òkè Ẹ̀fọ̀n nígbà òjò yóò mọ̀ pé ó lè gba ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá fúnni ní tábúlẹ́ẹ̀tì láì ro ti iná, ìdajì ẹ̀bùn ni ó fúnni.

OHUN TÍ A LÈ KỌ́ LÁRA ÀWỌN ARÁ Ọ̀ṢUN

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní ìhà tiwa. Nígbà ìṣèjọba àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín ọdún 2010 sí 2014, ìjọba Èkìtì pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 2013, àwọn ará Ọ̀ṣun tí a jọ pààlà lọ́nà Ẹ̀fọ̀n bẹ̀rẹ̀ Ọpọ́n Ìmọ̀ lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Tábúlẹ́ẹ̀tì olójú íǹṣì 7 ni, ìpinnu wọn sì ni láti pín 150,000 fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá àti ẹ̀kọ́ olóhùn sínú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ láì sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè ra ìwé kan ṣoṣo ní odidi àpótí ìwé lọ́wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó mú níbẹ̀ nìyí: ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ṣe pàtàkì ju bí ojú rẹ̀ ti tóbi tó lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ó jẹ́ pé dátà ni yóò máa jẹ kí ó tó lè kọ́ ọmọ ní ohunkóhun, gbèsè ni ó gbé wọ ilé opó.

Ohun kejì ni pé ìjọba ni ó lè sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ bíi tiwa kò lè ṣe é, bí a bá sì fi agídí ṣe é, àwọn olówó pọ́ọ́kú tí kì í pẹ́ bàjẹ́ ni a ó rà. Níbi yìí ni olójú ńlá ti wúlò: ọ̀kan tó dára, tí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ń lò pọ̀, sàn ju kéékèèké mẹ́ta tí yóò dákẹ́ kí ọdún tó yípo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

ÌDÁNWÒ JAMB KÌ Í ṢE TI ÌKA LÓJÚ GÍLÁÀSÌ

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló sọ pé nítorí JAMB ni ẹ fi fẹ́ ra á. Ìrònú rere ni. Ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Láti ọdún 2015 ni kò ti sí ti orí ìwé mọ́ nínú UTME. WAEC náà ti fi ti ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdánwò àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀ lọ sórí kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ìdánwò náà ti rí. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì ni wọ́n fún ọmọ láti dáhùn wọn. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Kíbọ́ọ̀dù ni ọmọ lè fi ṣe gbogbo rẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́jọ péré: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti yí ìpinnu náà padà. Ọmọ tó ti fi oṣù mẹ́fà tẹ gíláàsì yóò dé ibẹ̀, yóò na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kò sì ní dá a lóhùn. Kí ó tó wá bọ́tìnnì N rí, ìbéèrè méjì ti lọ. Ọmọ òrukàn tí a ti jọ ná owó lé lórí láti kíláàsì kìíní, kò yẹ kí irú èyí mú un ṣòfò ọdún kan.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ti JAMB, ẹ ra kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tà á, kò sì dìgbà tó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Láìsí kíbọ́ọ̀dù, ìwé kíkà ni tábúlẹ́ẹ̀tì dára fún.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ṣe sàárà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó:

1. Ẹ bèèrè ibi tí yóò ti máa gba iná, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀.

2. Ẹ rí i pé ìwé àti ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ti wà nínú rẹ̀, tí kò nílò dátà.

3. Ẹ ra ìbòrí tó nípọn àti kíbọ́ọ̀dù. Gíláàsì ńlá tó bá fọ́ gba owó púpọ̀, kò sì rọrùn láti rí ẹni tí yóò tún un ṣe ní Ìjerò tàbí Arámọkọ.

4. Ẹ sọ ẹni tí ẹ fún kedere. Bí ó bá jẹ́ ọmọ òrukàn kan ni ẹ fún, ohun ìní rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí alágbàtọ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀, ẹ sì mọ bí Suuratun-Nisaai ti kìlọ̀ tó lórí ohun ìní ọmọ òrukàn. Bí ó bá jẹ́ fún lílò gbogbo àwọn ọmọ ni, ẹ sọ pé wákáfù ni, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ sílé.

5. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ sàárà, kí ó má jẹ́ sàká. Ọ̀nà mẹ́jọ tí a ń ná sàká sí ti wà nínú Suuratut-Tawbah, aayah 60. Ohun tó tọ́ sí aláìní láti fi jẹun, láti fi wọṣọ, láti fi san owó ilé ìwé, ẹ má jẹ́ kí a fi ra ẹ̀rọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá rú lójú, kí ó bi áàfáà rẹ̀ léèrè.

Ojú ńlá dára, a rí i, a sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ púpọ̀ bá ti jọ ń wò ó ni owó tí a ná lé e ti jẹ́ èrè. Kí Ọlọ́hun Ọba gba sàárà wa, kí Ó fi ìmọ̀ ṣe ọrọ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn wa, kí Ó má sì jẹ́ kí ọmọ tiwa di ẹni tí ẹlòmíràn yóò máa tọ́jú. Aamiin.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́