Àwọn Fọ́tò Tí Ojú Kì í Fẹ́ Gbà Gbọ́

Ní ọdún 2011, ìwé ìròyìn National Geographic gbé fọ́tò kan jáde tí Frans Lanting yà, ọmọ ilẹ̀ Netherlands tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yíya ẹranko àti ilẹ̀. Igi gbígbẹ ló wà nínú fọ́tò náà, wọ́n dúdú kirikiri, wọ́n sì dúró lórí ilẹ̀ tó ní àwọ̀ búlúù tó ti ṣá. Gbogbo ẹ̀yìn wọn pọ́n bí ọsàn tó ti gbó, àwọn àmì funfun tó-tò-tó sì wà lára rẹ̀. Kò sí ojú ọ̀run níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rí i ló ní ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Wọn kò gbà á. Kámẹ́rà ló ya fọ́tò náà, àwọn igi yẹn sì ṣì wà ní ìdúró.

Deadvlei ni wọ́n ń pe ibẹ̀, nínú aṣálẹ̀ Namib ní orílẹ̀-èdè Nàmíbíà. Láyé àtijọ́, omi odò máa ń ya dé ibẹ̀, èyí ló jẹ́ kí igi ẹlẹ́gùn-ún hù. Nígbà tó yá, ọ̀dá dá, yanrìn sì dí ọ̀nà omi pa. Àwọn onímọ̀ ní ó tó nǹkan bí 600 sí 700 ọdún tí àwọn igi náà ti kú. Wọn kò jẹrà nítorí pé ilẹ̀ gbẹ kọjá ibi tí igi ti lè jẹrà. Oòrùn kàn sun wọ́n dúdú ni. Òkè yanrìn gàgàrà ló yí wọn ká, irin inú yanrìn náà ti dógùn-ún, ohun tó sọ ọ́ di pupa nìyẹn.

Wákàtí ni Lanting fi ṣe ọgbọ́n. Ìdájí ló ya fọ́tò náà, nígbà tí oòrùn àárọ̀ ti tàn sára òkè yanrìn ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, tí ilẹ̀ funfun iwájú ṣì wà nínú òjìji. Ilẹ̀ funfun tó bá wà nínú òjìji, àwọ̀ ojú ọ̀run ló máa ń gbé wọ̀. Ibi tí búlúù yẹn ti wá nìyẹn. Àmì funfun ara òkè sì ni koríko. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sán gangan yóò rí igi, amọ̀ àti yanrìn, kò sì ní rí fọ́tò Lanting.

Bí èèyàn bá kúrò lórí wákàtí, kó bọ́ sórí ibi tí ayafọ́tò dúró sí. Ní orílẹ̀-èdè Bòlífíà, ilẹ̀ iyọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Salar de Uyuni. Ó fẹ̀ ju 10,000 kìlómítà níbùú-lóròó lọ, ó sì ga ju òkun lọ ní nǹkan bí 3,650 mítà. Ó tẹ́jú débi pé àwọn onímọ̀ sátẹ́láìtì máa ń lò ó láti yẹ ẹ̀rọ wọn wò. Lásìkò òjò, omi tín-ínrín máa ń bo orí iyọ̀ náà, gbogbo ojú ọ̀run á sì wà nínú rẹ̀, tí ọkọ̀ tó ń kọjá á fi dà bíi pé inú ìkùukùu ló ń rìn.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, eré mìíràn ni. Kò sí igi, kò sí ilé, kò sí ohun kan tí ojú lè fi díwọ̀n bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ẹnì kan á dúró nítòsí, á tẹ́ ọwọ́; ẹnì kejì á lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán; nínú fọ́tò, ẹni tó jìnnà á wá dúró sórí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó súnmọ́. Irú eré yìí náà ni àwọn àlejò ń ṣe nídìí ilé gogoro Pisa ní Ítálì, tí wọ́n ń na ọwọ́ sófuurufú bí ẹni tó fẹ́ gbé e dúró. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, tí kò rí kámẹ́rà, lè rò pé orí gbogbo wọn ti dàrú lẹ́ẹ̀kan náà.

Pisa tó ohun tí à ń dúró wò. Ọdún 1173 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ rírọ̀ ni wọ́n sì gbé e lé. Kò tíì ga púpọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀lé tó wá lẹ́yìn gbìyànjú láti tún un ṣe bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n lọ sókè, nítorí náà ilé náà kò kàn tẹ̀ nìkan, ó tún wọ́ díẹ̀. Wọ́n tì í ní ọdún 1990 nítorí ìbẹ̀rù kó má wó, wọ́n wa ilẹ̀ jáde lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó ga, wọ́n sì ṣí i padà ní 2001. Nǹkan bíi dígírì 4 ló fi tẹ̀ báyìí. Ó ti ju 5 lọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ mú fọ́tò kan tí wọ́n ya ilé yìí láti ìsàlẹ̀, tó tẹ̀ sí ọ̀tún, kí ẹ tẹ ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ojú yóò búra pé ti apá ọ̀tún tẹ̀ ju ti òsì lọ, fọ́tò kan náà sì ni. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì McGill, ní Kánádà, ló gbé èyí jáde, wọ́n sì fi gba ipò kìíní nínú ìdíje ìtànjẹ ojú ní 2007. Bí ilé gíga méjì bá dúró ṣánṣán, tí èèyàn ń wò wọ́n láti ìdí, orí wọn máa ń dà bíi pé ó ń súnmọ́ ara wọn. Ọpọlọ ti mọ èyí. Nígbà tí orí méjèèjì kò wá súnmọ́ra, ọpọlọ á sọ pé ọ̀kan ń tẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan fọ́tò. Olúwòran ló tan ara rẹ̀ jẹ.

Àwọn ibi kan sì wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ojú kì í fẹ́ gbà gbọ́. Ní Nàmíbíà tí Deadvlei wà náà ni ìlú kan tó ń jẹ́ Kolmanskop wà. Ní 1908, nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso ibẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tó ń jẹ́ Zacharias Lewala rí òkúta dáyámọ́ǹdì nínú yanrìn, ó sì fi han ọ̀gá rẹ̀, August Stauch. Stauch di olówó. Ìlú hù síbẹ̀ láàárín aṣálẹ̀: ilé ìwòsàn, gbọ̀ngàn ijó, ilé iṣẹ́ yìnyín. Nígbà tí wọ́n rí dáyámọ́ǹdì tó pọ̀ ju tibẹ̀ lọ ní ìhà gúúsù, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ, títí ìlú fi dahoro ní àwọn ọdún 1950. Yanrìn gba ojú fèrèsé wọlé. Òun ló wà nínú àwọn yàrá tí àwọn ayafọ́tò ń yà títí dòní, ó kún dé ìdajì ilẹ̀kùn, tí ọ̀dà ara ògiri sì ṣì hàn.

Adágún Retba, nítòsí Dakar ní Senegal, jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, píǹkì lomi rẹ̀ máa ń jẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tó fẹ́ràn iyọ̀. Àwọn tó ń wa iyọ̀ nínú rẹ̀ a máa fi òrí pa ara kí iyọ̀ má bàa jẹ wọ́n lára, ohun tí fọ́tò tí wọ́n yà láti òkè kì í fi hàn.

Èyí tó kàn sún mọ́ ilé díẹ̀ sí i. Ní Àjàṣẹ́, tí ayé mọ̀ sí Porto-Novo, mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí fọ́tò rẹ̀ yóò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn Àgùdà, àtọmọdọ́mọ àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà bọ̀, ló kọ́ ọ láàárín 1912 sí 1935. Irú ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Bahia ní Brazil ni ọwọ́ wọn mọ̀, òun náà ni wọ́n sì kọ́ fún Mùsùlùmí. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ iṣẹ́ João Baptista da Costa, Àgùdà lòun náà.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ àwọn Àgùdà ló ṣẹ́ kù. Ilé Ilojo Bar ní Tinúbú ní Èkó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sì ti kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, ni wọ́n wó palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Fọ́tò ló kù. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ya ilé tí kò sí rí lónìí, fọ́tò ilé tó ti wà rí tí kò ní orúkọ ibi àti ọjọ́ lára, wọ́n á pè é ní irọ́ láìpẹ́. Ẹni tí ilé Àgùdà bá ṣì wà ládùúgbò rẹ̀, kó yà á lọ́sẹ̀ yìí, kó sì kọ orúkọ òpópónà àti déètì sí i.