Ìfẹ́ Ọkọ̀ Ojú Irin ní Mainland Èkó

Ohun tí olólùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ máa ń wò kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì tí ọkọ̀ ń gbà ló máa ń wò. Níbi gbogbo láyé ni àwọn èèyàn wà tí rélùwéè jẹ́ ìgbádùn fún, yàtọ̀ sí pé ó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́. Àwọn kan á dúró wo ọkọ̀ bó ṣe ń kọjá, wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Àwọn mìíràn á kọ́ irú rẹ̀ kékeré sórí tábìlì nílé. Àlàfo yẹn ni gbogbo wọn fi ń dá rélùwéè kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Ní Mainland Èkó, oríṣi méjì ló wà nílẹ̀. Ẹ̀kẹta ti di ìtàn.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fẹ̀ ní mílímítà 1,067, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀. Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Ìdó. Ní 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ló gba Jẹ́bà lọ sí Kánò. Owó ló fà á tí wọ́n fi yan irin tóóró: ó rọrùn fún un láti yí òkè po, kò sì béèrè kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tàbí kí wọ́n kọ́ afárá tó bí irin gbòòrò ṣe ń béèrè. Ní 1902, trámù kan bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó, ó ń gba orí Afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó. Àlàfo tirẹ̀ kò ju mílímítà 762 lọ. Nígbà tó yá, ìdọ̀tí ìgboro ni wọ́n ń fi kó, kí wọ́n tó pa á tì ní 1933.

Irin tuntun fẹ̀ ní mílímítà 1,435, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àgbáyé ń lò. Oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, tó bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó Mobọ́lájí Johnson ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Orí irin kan náà ni Red Line ìpínlẹ̀ Èkó ń rìn láti oṣù kẹwàá 2024, láti Òyìngbò gba Yábàá, Múṣin, Òṣòdì àti Ìkẹjà dé Àgbádó. Ìtàn ọkọ̀ Red Line yìí dùn gbọ́. Talgo, ilé iṣẹ́ ará Sípéènì, ló ṣe é fún ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ìjọba yí padà níbẹ̀, wọn ò lò ó mọ́, Èkó sì rà á ní 2022. Blue Line tó gba Ìgànmú ní Súrùlérè kọjá, láti Marina sí Mile 2, ìbú 1,435 náà ni irin rẹ̀, àmọ́ iná mànàmáná ló ń wà á. Irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ̀ ló gbé iná náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ibẹ̀.

Afárá tí wọ́n kọ́ sórí ojú irin ní Yábàá, Múṣin àti Òyìngbò ló dára jù láti wo ọkọ̀, torí láti òkè lèèyàn ti ń rí i. Nínú ibùdó, ó yẹ kéèyàn tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kó tó yọ kámẹ́rà. Ojú irin tí àwọn oníṣòwò ń pàtẹ sí nígbà kan rí kì í ṣe ibi ìdúró mọ́. Ọkọ̀ ìsinsìnyí yára, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti àtijọ́.

Ẹni tí ọkọ̀ àtijọ́ wù, Ọgbà Rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni kó lọ. Ilé Jaekel wà níbẹ̀, ilé alájà tí wọ́n kọ́ ní 1898. Orúkọ Francis Jaekel ni wọ́n fi pè é, ọ̀gá rélùwéè kan tó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995 láti dáàbò bo ilé àtijọ́, tún un ṣe ní 2010, ó sì di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Nínú ọgbà náà ni àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti fẹ̀yìn tì wà.

Iye ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ẹ́ńjìnnì eléèédú. Irú tí wọ́n fún ní orúkọ odò, tí Vulcan Foundry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ fún Nàìjíríà ní 1948, 2-8-2 ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ kéékèèké méjì ló ṣáájú, mẹ́jọ tó ń wọ́ ọkọ̀ tẹ̀ lé e, kéékèèké méjì sì kẹ́yìn. Bí èèyàn bá ti mọ ìṣirò yìí, fọ́tò àtijọ́ tí kò ní àlàyé lára á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ti orí tábìlì ló ṣòro díẹ̀. Láti 1891 ni Märklin ní Jámánì ti ń ta ọkọ̀ kékeré tó ní ojú irin tirẹ̀; Hornby ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1920. Ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù ni ìdá kan nínú 87, irin rẹ̀ sì fẹ̀ ní mílímítà 16.5. Ó bá ọkọ̀ Red Line mu rẹ́gí, torí 1,435 tí a pín sí 87 jẹ́ 16.5. Síbẹ̀, Èkó sí Ìbàdàn lórí ìwọ̀n yìí á gùn tó kìlómítà kan àtààbọ̀ ó lé. Kò sí pálọ̀ tó lè gbà á, ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n fi ń mú ibùdó kan ṣoṣo, tó sì ń ṣe é dáadáa. Iná fóòtì 12 tó ń gba inú irin náà kọjá ló ń wà á. Bí iná bá lọ, bátìrì lásán tó o.

Ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà ayé àtijọ́ kì í sí nínú páálí lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ á kọ́ ọ fúnra rẹ̀, ibi tí adùn iṣẹ́ yìí sì pọ̀ sí jù nìyẹn. Àwọn ará New Zealand, tí irin tiwọn náà jẹ́ 1,067, ti rí ọgbọ́n kan dá: wọ́n ń lo ìwọ̀n ìdá kan nínú 64, wọ́n á wá gbé ọkọ̀ náà ka irin 16.5 kan náà tó wà lọ́jà. Wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára ọkọ̀ tí wọ́n rà, wọ́n á fi páálí, idẹ tín-ínrín tàbí ike kọ́ ara tuntun lé e. Ọgbọ́n náà á ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ Ìdó àtijọ́. Trámù 1902 pàápàá á ṣeé ṣe, torí 762 tí a pín sí 64 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílímítà 12, wọ́n sì ń ta irin oní-mílímítà 12 náà. Méjèèjì lè jọ wà lórí pákó kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe jọ wà ní Ìdó nígbà náà.