Àlùmọ́gàjí tó wà lára kòkòrò ọ̀fìnkìn, àti ìdí tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ fi ọjọ́ méjì ṣòfò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, púpọ̀ nínú yín ló ṣì máa rántí oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tí àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu jẹ yọ ní oko adìyẹ kan ní Jàjí, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, ó pa obìnrin kan l'Ékòó. H5N1 ni wọ́n pe kòkòrò náà. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí H àti N yẹn jẹ́?

Ara kòkòrò ọ̀fìnkìn líle, ìyẹn influenza, ni méjèèjì wà, ì báà jẹ́ ti adìyẹ tàbí ti èèyàn. H ló fi ń dì mọ́ ara wa kó tó wọlé. Bó bá ti bímọ sínú tán, táwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ jáde, ohun tí H dì mọ́ yẹn náà ló tún máa ń so wọ́n mọ́lẹ̀ bí okùn. N ni àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé okùn náà, kí wọ́n tó tàn kálẹ̀ nínú ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró.

Lọ́dún 1983, ní Melbourne, lórílẹ̀-èdè Australia, Peter Colman, Jose Varghese àtàwọn ẹgbẹ́ wọn tan ẹ́síréè sí N yìí, wọ́n sì fi kọ̀ǹpútà ṣírò bó ṣe rí. Wọ́n rí i pé bí kòkòrò náà ṣe ń pààrọ̀ aṣọ tó, ẹnu àlùmọ́gàjí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí wọ́n bá fi nǹkan dí i lẹ́nu, kò ní lè gé okùn mọ́.

Ni Mark von Itzstein àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbé àwòrán yẹn sórí kọ̀ǹpútà. Ètò kan tí wọ́n ń pè ní GRID ló fi ibi tí oògùn ti lè dì mú ṣinṣin hàn wọ́n. Bí wọ́n ṣe ṣe zanamivir nìyẹn lọ́dún 1989. Lọ́dún 1999, ó dé ọjà pẹ̀lú orúkọ Relenza, ẹ̀tù tí wọ́n ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọdún yẹn náà ni Tamiflu, tí wọ́n ń gbé mì, jáde.

Ẹ wá gbọ́ o. Oògùn yìí kì í lé kòkòrò tó ti tàn kálẹ̀ jáde, ṣe ló ń dí ọ̀nà mọ́ èyí tó fẹ́ jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fẹ́ kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín ọjọ́ méjì tí ara ti ń gbóná. Ampiclox àti Tetracycline tí ẹ ń rà ní kẹ́mísìtì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí rárá, nítorí wọn kì í pa kòkòrò ọ̀fìnkìn.

Nítorí náà, bí ara bá ń gbóná, tí ikọ́ ń ṣe yín, tí gbogbo eegun ń ro yín, ẹ tètè lọ sọ́sibítù. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ibà ni, ẹ má ṣe dá oògùn lò fúnra yín. Aboyún, arúgbó, ọmọ kékeré àtẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá. Bí èémí bá ti ń há ẹnikẹ́ni, ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.