Ọ̀rá Inú Ọpọlọ: Ìkòkò Ọbẹ̀ Kò Jẹ̀bi

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, bí dókítà bá sọ pé kókó ọ̀rá wà nínú ọpọlọ ọmọ yín, ẹ má ṣe di ẹ̀bi ru epo tí ẹ fi se ọbẹ̀. Láti inú oyún ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò wọ́pọ̀, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní in ni kò mọ̀ rárá.

Àwọn mìíràn a máa ní orí fífọ́ tàbí wárápá. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ má ṣe ro àgbo onítọ̀ màlúù sí i lẹ́nu, nítorí ó lè pa á. Ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ gbé e lọ.

Nínú àwòrán CT, ọ̀rá a máa dúdú ju omi inú ọpọlọ lọ. Àmì tí dókítà fi ń dá a mọ̀ nìyí. Wọn kì í sábà gé e, nítorí ó máa ń lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀. Oògùn wárápá ni wọ́n ń lò. Bí omi bá sé sínú orí, iṣẹ́ abẹ a la ọ̀nà fún un, irú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù bẹ̀rẹ̀ ní UCH, Ìbàdàn, ní 1962.

Ẹ má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra yín, bí ara ọmọ tilẹ̀ yá.