Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé ní Ọ̀tà, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò omi

Bẹ́ ẹ bá ń wá ilé ní Ṣàngó-Ọ̀tà, èjẹ́ńtì á kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ má dààmú, bọ́ọ̀hò wà." Á ṣí ẹ̀rọ, omi á tú jáde, á mọ́ gaara. Ẹ ó sanwó.

Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe sanwó. Mi ò béèrè ìwé àyẹ̀wò kankan, èmi tí mo kàwé òfin! Ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú gbogbo ará ilé, tí wọ́n fa omi sí ọmọ aládùúgbò wa lára ní ọsibítù, la tó ka ìṣísẹ̀ láti ìdí bọ́ọ̀hò dé sókàwéè. Mẹ́wàá péré.

Ní Ọ̀tà níbí, kẹ́míkà iléeṣẹ́ la máa ń bẹ̀rù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dù àti onígbáméjì, inú ìgbẹ́ èèyàn ni wọ́n ti ń wọ omi. Ojú lásán ò lè rí wọn. Ṣé ẹ rántí bí onígbáméjì ṣe jà ní Èkó tó múlé gbè wá lóṣù Kẹfà ọdún 2024?

Báwo la ṣe ń mọ̀? E. coli, bakitéríà inú ìfun, ni láàbù máa ń wá. Wọ́n á fi asẹ́ tín-ín-rín sẹ́ 100 mílílítà omi, wọ́n á gbé asẹ́ náà sórí oúnjẹ bakitéríà nínú ooru, lọ́jọ́ kejì wọ́n á ka èyí tó hù. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, ní òdo ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìgò H2S kékeré náà wà: ẹ rọ omi sí i, ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá dúdú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ fura, kẹ́ ẹ gbé omi lọ sí láàbù.

Abala 20 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo omi wa, àmọ́ abala 6 ò jẹ́ kó rọrùn láti fi ìyẹn pe ìjọba lẹ́jọ́. Ìwé àdéhùn ilé yàtọ̀. Ohun tí onílé bá fọwọ́ sí níbẹ̀, ẹ lè dì í mú. Ẹ ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun á máa yẹ omi wò lọ́dọọdún, òun á sì máa fi èsì hàn yín.

Títí dìgbà yẹn, ẹ jẹ́ kí omi hó dáadáa kẹ́ ẹ tó mu ún. Híhó ń pa bakitéríà, kì í yọ kẹ́míkà. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, àmọ́ ọ̀tá lè fi inú omi ṣelé.